Ọwọ́ Tó Ń Bo Òdòdó Ọ̀pẹ: Àwọn Tẹkinisíẹ̀nì Ìwádìí ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà

Àgbẹ̀ tó bá lọ ra irúgbìn ọ̀pẹ ní ibùdó ìwádìí Pobẹ, ohun tó ń gbé bọ̀ wálé kò ju ekùrọ́ tó ti hù lọ. Kò sí ojú tó lè wo inú rẹ̀. Yóò tọ́jú rẹ̀ ní ibi ìtọ́jú ọmọ ọ̀pẹ fún nǹkan bí ọdún kan, yóò gbé e lọ sí oko, yóò máa ro ìdí rẹ̀, yóò sì dúró di nǹkan bí ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tó ti rà á kó tó rí ìdì ẹyìn àkọ́kọ́. Ọjọ́ náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀bẹ la ẹyìn, tí yóò sì mọ̀ bóyá irú èyí tí wọ́n ṣèlérí fún un ni ó rà. Bí àṣìṣe bá ti wọ inú iṣẹ́ náà, ọdún mẹ́rin ti lọ, ilẹ̀ ti kún, owó ti tán, ọ̀pẹ náà yóò sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ta ni àgbẹ̀ yìí gbẹ́kẹ̀ lé? Bí a bá bi í, ó lè dárúkọ ìjọba, ó sì lè dárúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni ẹni tó gun àkàbà ní òwúrọ̀ kan, tó fi àpò bo òdòdó ọ̀pẹ, tó so ọrùn àpò náà pinpin, tó sì kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà igi náà sínú ìwé. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, orúkọ tí a yá lọ́wọ́ èdè Faransé ni a fi ń pè é: tẹkinisíẹ̀nì. Ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn, tẹkiníṣánnì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, iṣẹ́ náà ti gba ọ̀nà tó yàtọ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó tọ́ kí a gbé ọ̀nà méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí ohun tí a ó rí níbẹ̀ kan oko wa àti ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Ta ni à ń pè ní tẹkinisíẹ̀nì?

Ní oṣù kẹfà ọdún 1963, àwọn amòye láti inú àwọn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ OCDE pàdé ní Frascati, ìlú kékeré kan nítòsí Róòmù ní ilẹ̀ Ítálì, láti fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ṣe máa ka iṣẹ́ ìwádìí àti àwọn tó ń ṣe é. Ìwé tó jáde láti inú ìpàdé náà ni ayé mọ̀ sí Ìwé Frascati. Wọ́n ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀dà tó jáde ní 2015 sì wà lára àwọn tí a ń lò lónìí. Òun ni UNESCO náà ń tẹ̀ lé bó bá ń gba ìròyìn jọ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè.

Ìwé náà pín àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni olùwádìí, ẹni tó ń ro ìmọ̀ tuntun, tó ń gbé ìbéèrè kalẹ̀, tó sì ń darí iṣẹ́. Èkejì ni tẹkinisíẹ̀nì, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ìmọ̀ àti ìrírí nínú ẹ̀ka kan, tó ń fi ọ̀nà tí a ti là sílẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́ àbójútó olùwádìí: ó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ó ń ṣe àyẹ̀wò, ó ń wọn nǹkan, ó ń kọ àbájáde sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn olùrànlọ́wọ́ yòókù, bí akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ oko.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ olùwádìí àti tẹkinisíẹ̀nì rí. Olùwádìí lè mọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fi igi kan gun èkejì, síbẹ̀ kó má mọ bí a ṣe ń mọ̀, láti orí òórùn àti àwọ̀, pé òdòdó abo yóò ṣí ní ọ̀la. Tẹkinisíẹ̀nì mọ èyí, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó gbé ìbéèrè kalẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ kò ní ibi tí yóò dé.

Síbẹ̀, ìkejì nínú ọwọ́ méjì yìí kì í sábà hàn nínú ìṣirò ayé. Nínú àwọn àmì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń wọn Àfojúsùn Ìdàgbàsókè Alágbéró, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 9.5.2 ni iye olùwádìí tó wà nínú mílíọ̀nù kan ènìyàn. Olùwádìí nìkan ni ó wà níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá gba ogún ọ̀mọ̀wé síṣẹ́, tí kò sì gba tẹkinisíẹ̀nì kan ṣoṣo, yóò dà bí èyí tó ń tẹ̀ síwájú lójú àmì náà.

Iṣẹ́ tó wà nínú àpò kan

Kí a lè mọ ohun tí à ń kà, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fínnífínní ní ibùdó ọ̀pẹ.

Ọ̀pẹ pín sí mẹ́ta bí a bá fi eésan rẹ̀ wò ó. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí tí eésan rẹ̀ nípọn ní dura. Èyí tí kò ní eésan rárá ni pisifera, ìdì rẹ̀ kì í sì í sábà gbó dáadáa. Èyí tó wà láàárín, tí eésan rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ẹran ara ẹyìn rẹ̀ sì pọ̀, ni tenera. Ní 1941, àwọn onímọ̀ ará Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Beirnaert àti Vanderweyen, fi hàn láti inú iṣẹ́ wọn ní Yangambi ní Kóńgò pé bí a bá fi dura àti pisifera gun ara wọn, gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ tenera. Ọ̀pẹ tenera sì ń fún ni ní epo tó fi nǹkan bí 30% ju ti dura lọ láti inú ìwọ̀n ìdì ẹyìn kan náà.

Ìmọ̀ náà rọrùn láti sọ. Ṣíṣe rẹ̀ ni kò rọrùn. Ọ̀pẹ ìgbẹ́ kún gbogbo ilẹ̀ wa, kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Elaeidobius sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ láti igi dé igi. Bí kòkòrò kan bá wọ inú àpò, ó lè gbé lẹ́búlẹ́bú igi mìíràn wọlé, ọmọ tí a ó bí kò sì ní jẹ́ tenera mọ́. Nítorí náà, tẹkinisíẹ̀nì gbọ́dọ̀ gun igi kí òdòdó abo tó ṣí, kí ó yọ imọ̀ tó dí i lọ́nà, kí ó fi oògùn pa kòkòrò tó bá wà níbẹ̀, kí ó sì fi àpò bò ó. Ní ọ̀nà kejì, yóò ti gba lẹ́búlẹ́bú lára òdòdó akọ pisifera tí a fi àpò bò bákan náà, yóò sá a gbẹ, yóò tọ́jú rẹ̀ sí ibi tútù. Ní ọjọ́ tí òdòdó abo bá ṣí, yóò fẹ́ lẹ́búlẹ́bú náà sínú àpò láti ojú ihò kékeré kan láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, ìdì náà gbó. Wọ́n á gé e, wọ́n á bó ẹran ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á wá fi ekùrọ́ sínú ooru tó tó 39 sí 40 ìwọ̀n Celsius fún oṣù méjì ó lé, nítorí pé bí a kò bá fi ooru jí i, yóò pẹ́ kó tó hù. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, orúkọ ìyá àti ti bàbá gbọ́dọ̀ bá irúgbìn náà rìn. Bí àkọlé méjì bá yí padà lórí tábìlì, kò sí ẹ̀rọ lójú ọjà tí yóò sọ fún àgbẹ̀.

Gbogbo ìwọ̀nyí ni a kó sínú ọ̀rọ̀ kan tí ìwé ìṣirò ń pè ní «tẹkinisíẹ̀nì àti àwọn tó bá a dọ́gba».

Pobẹ àti Bìní: ibùdó méjì, ọ̀nà méjì

Ibùdó Pobẹ ti wà láti 1922, ní àárín ilẹ̀ tí àwọn Nàgó àti Ọ̀họ̀rí ń gbé, nígbà tí epo pupa àti ekùrọ́ jẹ́ ọjà pàtàkì jù lọ tí Dahomey ń kó lọ sí òkè òkun. Ní àwọn ọdún 1940, Faransé dá àjọ ìwádìí epo kan sílẹ̀, IRHO, ó sì kó Pobẹ àti La Mé ní Côte d'Ivoire sábẹ́ rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1950, ibùdó wọ̀nyí ń ṣe ìyàn irúgbìn tó ń tẹ̀ lé ara wọn láti ìran dé ìran: wọ́n á dán àwọn òbí wò nípa àwọn ọmọ wọn, wọ́n á mú èyí tó dára jù, wọ́n á tún fi wọ́n gun ara wọn. Ìran kan lè gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún. Ní 1992 ni Bẹ̀nẹ̀ dá INRAB sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ìwádìí àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè, Pobẹ sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ nítòsí Bìní ní 1939. Ní 1951, ó di WAIFOR, àjọ tí Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jọ ní. Ní 1964, lẹ́yìn tí àwọn orílẹ̀-èdè náà ti gba òmìnira tàbí wà lójú ọ̀nà rẹ̀, Nàìjíríà nìkan ló gbà á, ó sì sọ ọ́ ní NIFOR, orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ní apá Gẹ̀ẹ́sì, ibùdó náà di ti orílẹ̀-èdè kan láàárín ọdún mẹ́rin sí òmìnira. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìwádìí sì ti wà nítòsí: ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Moor Plantation ní Ìbàdàn ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti 1921, Yunifásítì Ìbàdàn sì ṣílẹ̀kùn ní 1948. Ní apá Faransé, àjọ kan tí olú rẹ̀ wà ní Párísì ló so àwọn ibùdó pọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Dahomey gba òmìnira ní 1960, ṣùgbọ́n yunifásítì rẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn títí di 1970. Nítorí náà, Nàìjíríà tètè ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní ìwé ẹ̀rí. Bẹ̀nẹ̀ ní ìsopọ̀ tó gùn, tó jẹ́ pé irúgbìn àti ọ̀nà ìṣiṣẹ́ Pobẹ ń bá ti Côte d'Ivoire rìn. Ẹni tó bá ka orí nìkan yóò rí àkọ́kọ́. Èkejì kò ní hàn sí i.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn ìgbanisíṣẹ́ tì

Ìyípadà tó dọ́gba jù lọ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé ní 1986, owó náírà já wálẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì tó nǹkan mọ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìjọba dáwọ́ gbígba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ síṣẹ́ dúró, àdéhùn àtúnṣe ọrọ̀ ajé àkọ́kọ́ sì tẹ̀ lé e ní 1989.

Bí ilé ìfowópamọ́ bá dáwọ́ ìgbanisíṣẹ́ dúró fún ọdún mẹ́wàá, yóò tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá dé. Ibùdó ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹkinisíẹ̀nì tó wọṣẹ́ ní ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yóò rí ìran ọ̀pẹ kan tàbí méjì kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ igi tó ń so lọ́dún òjò, ó mọ èyí tí àrùn fusarium kì í pa, ó mọ ibi tí àkọlé ti ń sábà ṣì. Díẹ̀ nínú èyí wà nínú ìwé, púpọ̀ nínú rẹ̀ wà ní ọwọ́ àti ní ojú. Bí kò bá sí ọ̀dọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, ìmọ̀ náà bá a lọ sílé.

Wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró di ọjọ́ ikú rẹ̀ kó tó yọ ọmọ. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa, láti orí alágbẹ̀dẹ dé orí ahunṣọ, fi máa ń ní ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ nígbà tí agbára wọn ṣì wà. Ìjọba méjèèjì, lábẹ́ ìnira owó, ṣe òdìkejì rẹ̀.

Àkàbà tí kò ga tó

Ohun kejì tó fi ìyàtọ̀ hàn ni ọ̀nà tí ẹni tó yan iṣẹ́ yìí lè gbà gòkè.

Nàìjíríà kọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ láti ìgbà pípẹ́. Ti Yaba bẹ̀rẹ̀ ní 1947, Pólì Ìbàdàn sì dé ní 1970. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ọdún méjì fún ìwé ẹ̀rí OND, yóò lọ ṣiṣẹ́ níta, yóò sì padà fún ọdún méjì mìíràn kó lè gba HND. Ní 2003, òfin sọ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí di àjọ tó ní àṣẹ lórí iṣẹ́ náà, NISLT, tí olú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Àwọn tẹkinisíẹ̀nì Nàìjíríà tipa bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ìwé ẹ̀rí àti ẹgbẹ́ tó lè gbẹnu sọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n àkàbà náà ní òrùlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ní HND ń wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìpele keje nígbà tí ẹni tó ní oyè yunifásítì ń wọ̀ ọ́ ní ìkẹjọ, kò sì lè kọjá ìpele kẹrìnlá. Ẹjọ́ yìí ti dé ilé aṣòfin lọ́pọ̀ ìgbà. Àbájáde rẹ̀ lójú oko ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ jù ló ń tètè fi í sílẹ̀. Ó padà sí yunifásítì, ó gba oyè, ó sì di ọ̀gá ní ọ́fíìsì. A kò lè dá a lẹ́bi, nítorí ilé ló ń gbọ́, ọmọ ló ń tọ́. Ṣùgbọ́n àpò òdòdó wà lórí igi.

Ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ bí èyí tó wà ní Sékou, nítòsí Allada, ló ń kọ́ ọ̀pọ̀ tẹkinisíẹ̀nì oko, lẹ́yìn náà sì ni àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ní yunifásítì. Ètò ìjọba, tí a jogún lọ́wọ́ Faransé, pín òṣìṣẹ́ sí ẹ̀ka A, B, C àti D, ìwé ẹ̀rí ló sì ń sọ ẹ̀ka tí ènìyàn wà. Ẹni tó ti fi ogún ọdún kọ́ bí a ṣe ń mú àrùn wọ ọmọ ọ̀pẹ láti dán agbára rẹ̀ wò lè máa wà ní ẹ̀ka tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yàtọ̀, òrùlé kan náà ni.

Láti Ìbàdàn dé Calavi: ogun ẹ̀gẹ́

Ìtàn kan wà tó so orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀, tó sì fi ohun tí tẹkinisíẹ̀nì lè ṣe hàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tó funfun bí ìyẹ̀fun, Phenacoccus manihoti, ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé ilẹ̀ Kóńgò. Ó ń fa omi inú ẹ̀gẹ́, orí igi ẹ̀gẹ́ á kákò, iṣu rẹ̀ kò sì ní tóbi. Kí ọdún 1980 tó dé, ó ti wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ní 1981, wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay, Anagyrus lopezi, tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà. Ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, gbà á, ó sì tú u sílẹ̀ ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní ọdún kan náà. Láti ibẹ̀ ni agbọ́n yìí ti dé orílẹ̀-èdè tó ju ogún lọ ní Áfíríkà. Hans Herren, ọmọ Swítsálandì tó darí iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Ṣùgbọ́n kí agbọ́n tó lè pọ̀, kòkòrò funfun tí yóò yé ẹyin sí gbọ́dọ̀ pọ̀, kí kòkòrò funfun náà tó pọ̀, ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ wà fún un láti jẹ. Ohun abẹ̀mí mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ máa tọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má pa èkejì tán, kí èkejì má sì ṣaláìtó. Kì í mọ ọjọ́ Àìkú, kì í mọ ọjọ́ ọdún. Lẹ́yìn náà ni a ó kó àwọn agbọ́n láàyè sínú ìgò, tí a ó gbé wọn wọ ọkọ̀ òfúrufú kí wọ́n tó kú. Àwọn tẹkinisíẹ̀nì ló ṣe iṣẹ́ yìí, láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Ní 1988, ètò náà kó lọ sí Abomey-Calavi, nítòsí Kùtọnù. Ìmọ̀ tí ọwọ́ kan kó jọ ní Ìbàdàn di ohun tí ọwọ́ mìíràn kọ́ ní Calavi, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn sì wá kọ́ ọ níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ilẹ̀ wa ti jèrè lára ìwádìí, díẹ̀ ló dé inú ìkòkò àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tó yani lẹ́nu. Gẹ́gẹ́ bí Ìwé Frascati, àjọ àgbáyé tó fìdí kalẹ̀ sí orílẹ̀-èdè kan kì í ṣe ara rẹ̀. «Ìyókù ayé» ni wọ́n ń pè é. Bí a bá tẹ̀ lé ìwé náà, àwọn tẹkinisíẹ̀nì tó gba ẹ̀gẹ́ Áfíríkà là kò sí nínú ìṣirò Nàìjíríà, wọn kò sì sí nínú ti Bẹ̀nẹ̀.

Ohun tí nọ́ńbà ń ṣe bí ọdún ti ń gorí ọdún

A ti wá dé ibi tí a ti lè béèrè bí a ṣe ń fi orílẹ̀-èdè méjì wé ara wọn. Àṣà ni pé kí a pín iye tẹkinisíẹ̀nì sí iye mílíọ̀nù ènìyàn tó wà nílùú, kí a sì wo bí àbájáde náà ṣe ń lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí òǹkàwé mọ̀ kó tó gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Àkọ́kọ́ ni iye ènìyàn. Ìkànìyàn Bẹ̀nẹ̀ ní 2013 rí 10,008,749. Ti Nàìjíríà tó kẹ́yìn wáyé ní 2006, ó rí 140,431,790; àwọn onímọ̀ sì gbà pé iye náà ti kọjá 200 mílíọ̀nù báyìí. Ká ní Nàìjíríà ní 2,000 tẹkinisíẹ̀nì. Bí a bá pín in sí iye ti 2006, a ó rí 14 nínú mílíọ̀nù kan. Bí a bá pín in sí 200 mílíọ̀nù, a ó rí 10. Ẹnì kan ṣoṣo kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ nọ́ńbà náà ti já. Ní Bẹ̀nẹ̀, 100 ènìyàn péré ti tó láti mú 10 náà wá.

Èkejì ni àkókò. Ìwé Frascati kì í ka orí nìkan. Ó ń ka àkókò tí ènìyàn fi ṣe ìwádìí. Ẹni tó fi ìdajì ọdún rẹ̀ ṣe ìwádìí, ìdajì ènìyàn ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni títa irúgbìn kì í ṣe ìwádìí lójú ìwé náà. Tẹkinisíẹ̀nì tó ń bo òdòdó fún ìdánwò ní òwúrọ̀, tó sì ń bo òmíràn fún irúgbìn títà ní ọ̀sán, ọwọ́ kan náà àti àpò kan náà ló lò. Ibùdó kan lè kà á sí odindi, èkejì lè kà á sí ìdajì. Ìyàtọ̀ tí a rò pé ó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín akọ̀wé méjì.

Ẹ̀kẹta, tó sì wúwo jù, ni ọjọ́ orí. Ká ní orílẹ̀-èdè méjì ní 100 tẹkinisíẹ̀nì lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Nínú èkíní, 70 ti lé ní ẹni ọdún 55. Nínú èkejì, àgbà àti ọ̀dọ́ pín dọ́gba. Lónìí, nọ́ńbà wọn kò yàtọ̀. Ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 60, tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, ní ọdún márùn-ún, irú orílẹ̀-èdè èkíní yóò ti pàdánù àwọn 70 náà. Bó bá gba 70 ọ̀dọ́ síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà yóò padà sí 100, gbogbo ayé yóò sì sọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ tó ra irúgbìn ní ọdún náà ni yóò mọ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Ohun tó kù láti ṣe

Ohun tí ìfiwéra yìí kọ́ wa ni pé agbára orílẹ̀-èdè nínú ìwádìí wà nínú bí iṣẹ́ ṣe ń kọjá láti ọwọ́ sí ọwọ́, iye orí sì jẹ́ ẹ̀rí díẹ̀ lára rẹ̀. Nàìjíríà ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, ó ní òfin àti ẹgbẹ́. Bẹ̀nẹ̀ ní ibùdó kan tí ọ̀nà ìyàn irúgbìn rẹ̀ kò já láti ìran dé ìran. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí èkejì lè yá.

Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́ àti ní Àbújá máa bi àwọn ilé ìwádìí lọ́dọọdún kò ṣòro. Ọmọ ọdún mélòó ni àwọn tẹkinisíẹ̀nì yín? Mélòó nínú àwọn tó kù fún ọdún márùn-ún láti fẹ̀yìn tì ló ní ọ̀dọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Ǹjẹ́ ẹni tó dúró ti iṣẹ́ rẹ̀ lè gòkè láìfi iṣẹ́ náà sílẹ̀? Ǹjẹ́ orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìròyìn iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Owó tí a ó fi san oṣù ọ̀dọ́ kan fún ọdún mẹ́ta kí àgbà tó lọ kéré púpọ̀ sí oko tí irúgbìn tó ṣì bà jẹ́.

Ohun kan sì wà tí àwa ará ẹnu ibodè lè ṣe fúnra wa. Èdè Faransé ni a fi ń kọ ìwé iṣẹ́ ní Pobẹ, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà ní ìlú méjèèjì mọ ohun tí ẹyìn, eésan, imọ̀ àti màrìwò jẹ́ kí wọ́n tó wọ ilé ẹ̀kọ́. Bí àgbà kan láti Pobẹ bá jókòó ti ọ̀dọ́ kan láti Ìbàdàn fún oṣù mẹ́ta, wọn kò ní fẹ́ ògbufọ̀. Kí àwọn ilé ìwádìí méjèèjì máa pààrọ̀ òṣìṣẹ́ ọwọ́ bí wọ́n ti ń pààrọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé fún àpérò, kí a sì máa fi Yorùbá kọ ìlànà iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la, ẹnì kan yóò tún gun àkàbà ní Pobẹ, ẹlòmíràn yóò gun tirẹ̀ nítòsí Bìní. Òdòdó kò ní dúró dè wọ́n. Kí a rí i dájú pé ní gbogbo òwúrọ̀ tó ń bọ̀, ọ̀dọ́ kan yóò wà nísàlẹ̀ tó di àkàbà náà mú, tó ń wo ohun tí àgbà ń ṣe.